Súwíìṣì ọwọ́ kejì tí mo fi pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé lẹ́sìnnì kan ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà 16 ló wà nísàlẹ̀ fáwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò, ọ́fíìsì kékeré kan wà lókè níbi tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe ìṣirò owó. Súwíìṣì méjì olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, ni wọ́n so gbogbo ẹ̀ mọ́, irú èyí tí èèyàn ò lè bá sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà ti ki wáyà bọ̀ ọ́, iná ẹ̀ tàn, ó parí. Ó ń ṣiṣẹ́ o, n ò parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin kan nísàlẹ̀ tẹ Network lórí Windows báyìí, ló bá rí fódà owó tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kejì lọ́ọ́fíìsì, orúkọ ẹni tó ti san àti ẹni tó jẹ gbèsè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ tóo ní o mọ kọ̀ǹpútà, wá bá mi tì í."

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò ju VLAN lọ, ìyẹn pípín súwíìṣì kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wò ó bí agboolé kan tí wọ́n mọ ògiri sí láàárín, tẹbí kọ̀ọ̀kan ń dáná tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà dé títì. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni MikroTik, rọ́tà tó so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ògiri ló kù, súwíìṣì tó ń gbọ́ràn ló sì máa mọ ọ́n.

Mo lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, mo ra Cisco Catalyst 2960, WS-C2960-24TT-L, ọwọ́ kejì. Pọ́ọ̀tù 24 tó ń sá 100 mẹ́gábíìtì, méjì lápá ọ̀tún tó ń sá 1000. Ó ti dàgbà, mo mọ̀, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ò tiẹ̀ dé 100 yẹn, kí ni mo fẹ́ fi tuntun ṣe? Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé kí ni pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, ó wò mí bíi pé mo bi í ní orúkọ ìyá ẹ̀. "Ó ń ṣiṣẹ́, ṣẹ́ ẹ ò rí iná ẹ̀ ni?"

Sátidé, ọjọ́ kìíní

Wáyà console, èyí tí wọ́n fi ń bá súwíìṣì sọ̀rọ̀ tààrà, ló kọ́kọ́ gba àkókò mi. Wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù yẹn, orí kan ẹ̀ dà bíi ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orí kejì jẹ́ serial oníhò mẹ́sàn-án tí laptop ò ní mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ wá adapter tó ń sọ USB di serial. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ báàgì mi, Ubuntu dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo Windows, PuTTY ni kó ṣí, kó mú Serial, kó lọ wo nọ́ńbà COM ẹ̀ ní Device Manager.

    sudo screen /dev/ttyUSB0 9600

9600 yẹn ṣe pàtàkì. Bíìtì 8, kò sí parity, stop bit 1, kò sí flow control. Tẹ́ ẹ bá fi ìyára míì sí i, ohun tẹ́ ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà á dà bí ìgbà tí adìẹ bá rìn kọjá lórí kíbọ́ọ̀dù.

Mo tẹ Enter, ó ní Password. Mo gbìyànjú cisco, mo gbìyànjú admin, mo gbìyànjú Cisco123, ó ní rárá. Ó dáa. Mo yọ wáyà iná ẹ̀, mo fi ìka tẹ bọ́tìnì Mode tó wà lójú ẹ̀ lápá òsì, mo ki iná padà bọ̀ ọ́ láì gbé ìka kúrò. Iná SYST á máa ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé, ẹ di bọ́tìnì yẹn mú títí á fi yí sí àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì máa padà sí àwọ̀ ewé tó dúró gbagidi, ìgbà yẹn lẹ máa tó tú u sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ mo tètè tú u sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó tún bi mí ní pásíwọ́ọ̀dù. Ìgbà kejì ó gbà, ó wá fún mi ní ojú kékeré kan tó ń jẹ́ `switch:`

    flash_init
    dir flash:
    rename flash:config.text flash:config.old
    boot

A ò já pásíwọ́ọ̀dù kankan o, ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí la yí orúkọ ẹ̀ padà, tó bá ti wá config.text tí ò rí i á rò pé tuntun lòun. Ó jí tán, ó ní ṣé kóun bi mí ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan láti tò ó, mo ní no. Ẹ máa sọ pé no níbẹ̀, ìbéèrè yẹn ò wúlò.

Mo yẹ config.old wò kí n tó pa á rẹ́, ẹ̀rù bà mí. Àdírẹ́sì inú ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àtàwọn pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ ní irú 7, èyí tí ọmọ tó bá mọ ibi tó ti máa wá a á tú láàárín ìṣẹ́jú kan. N ò ní dárúkọ wọn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta nǹkan ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, `write erase`, kẹ́ ẹ sì pa vlan.dat náà rẹ́, torí nígbà tí mo tẹ `show vlan brief`, VLAN tiwọn ṣì jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé tí ò fẹ́ kó jáde. Inú config.text kọ́ ni VLAN ń gbé níbí, inú vlan.dat ni. Ẹ fọkàn sí èyí, ó ń bọ̀ wá dà mí láàmú.

    delete flash:vlan.dat
    delete flash:config.old
    reload

Ó tún jí, ó mọ́ tónítóní. Mo wọlé:

    enable
    configure terminal
    hostname SW-LESINNI
    no ip domain-lookup
    vlan 10
     name OFIISI
    vlan 20
     name AKEKOO
    vlan 99
     name ALAKOSO
    interface range fa0/1 - 4
     switchport mode access
     switchport access vlan 10
     spanning-tree portfast
     spanning-tree bpduguard enable
    interface range fa0/5 - 20
     switchport mode access
     switchport access vlan 20
     spanning-tree portfast
     spanning-tree bpduguard enable

Ìlà `no ip domain-lookup` yẹn, ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ò bá tẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣi `show` kọ ní `shwo`, súwíìṣì á rò pé orúkọ kọ̀ǹpútà kan lẹ pè, á máa wá a kiri ní 255.255.255.255, ẹ̀yin náà á jókòó, ẹ máa wò ó. Ctrl+Shift+6 ló ń dá a dúró.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù ojú dúdú yìí, wọ́n á ní ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti lè fi máùsì tẹ̀ ẹ́. Ó wà, àmọ́ èmi fẹ́ràn èyí. Tẹ́ ò bá mọ ohun tó kàn, ẹ tẹ `?`, á to gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè sọ níbi tẹ́ ẹ wà fún yín. Ẹ lè gé ọ̀rọ̀ kúrú, `conf t`, `sh run`, `int fa0/5`, á yé e.

Bí mo ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn, mo ti pín pọ́ọ̀tù tán, mo ti tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí i, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní kọ̀rọ̀, ni NEPA bá mú iná lọ.

Inverter wà, àmọ́ kọ̀ǹpútà àti fáànù ni wọ́n so mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó rántí kọ́bọ́ọ̀dù nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà tíná dé, ojú tí mo rí ni `Switch>`. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ti lọ. Mo tẹ `show vlan brief`, ẹ wá wo ìyanu: VLAN 10, 20 àti 99 wà níbẹ̀ tòrúkọ-tòrúkọ, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù kan ò sí nínú wọn, gbogbo wọn ti padà sí VLAN 1. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rò pé súwíìṣì ti bàjẹ́, mo ti fẹ́ pe ẹni tó tà á fún mi láti bú u.

Súwíìṣì ò ṣe nǹkan kan, èmi ni. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀, inú running-config ló ń lọ, orí RAM nìyẹn sì wà, iná lọ òun náà lọ. Startup-config ló wà nínú flash, kò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. VLAN tí mo dá sílẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú vlan.dat, èyí tó ń kọ ara ẹ̀ sílẹ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí ilé fi wà tí ayálégbé ò sí níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tí n ò tẹ̀:

    copy running-config startup-config

`wr` lásán náà tó. Mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀fọn ń jẹ mí, lẹ́yìn pọ́ọ̀tù mẹ́rin-mẹ́rin mo ń tẹ `wr` bí ẹni ń fi tẹ̀sùbáà ṣe iṣẹ́. Kí n tó lọ mo so kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ inverter, mo fi bébà lẹ̀ ẹ́ lójú: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ YỌ INÁ YÌÍ.

Sọ́ńdè

Gi0/1 ni mo fi kan MikroTik, òun ló máa gbé gbogbo VLAN lọ lórí wáyà kan, trunk ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Níbí ni mo ti rí i pé ohun tí mo kọ́ lórí irú súwíìṣì míì ò bá tibí mu, torí mo tẹ `switchport trunk encapsulation dot1q` bó ṣe mọ́ mi lára, ó fi àmì `^` tọ́ka sí mi pé kí ni mò ń sọ. 2960 ò mọ ìlànà míì fún fífi àmì VLAN sí ẹrù orí trunk ju 802.1Q lọ, kò sídìí tó fi máa bi yín. Ẹ fò ó:

    interface gi0/1
     switchport mode trunk
     switchport nonegotiate
     switchport trunk allowed vlan 10,20,99

Lórí MikroTik mo dá VLAN mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lórí ether2, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 192.168.10.1, 20.1, 99.1, mo fi DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, sí méjì àkọ́kọ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó gba 192.168.20.14, inú mi dùn. Mo wá ping kọ̀ǹpútà ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ni pé mo pè é wò bóyá á dáhùn. Ó dáhùn!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ palẹ̀ ẹrù mi mọ́. VLAN yà wọ́n nípa nínú súwíìṣì lóòótọ́, àmọ́ MikroTik mọ ilé gbogbo wọn, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa gbé ẹrù láti ilé kan dé èkejì tí ẹnikẹ́ni ò bá dá a dúró. Mo lọ sí firewall ẹ̀, lápá forward, mo ní ohunkóhun tó bá ti 192.168.20.0/24 wá tó sì ń lọ sí 10.0/24 tàbí 99.0/24, kó dà á nù. Mo padà sísàlẹ̀, mo ping, ó dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹun.

Ó ku SSH, ọ̀nà àtiwọ súwíìṣì láti òkèèrè, torí n ò fẹ́ máa gbé wáyà búlúù wá láti Bódìjà ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `show version`, kẹ́ ẹ wò ó bóyá k9 wà nínú orúkọ IOS ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí súwíìṣì. Tí k9 ò bá sí, kò ní mọ ohun tó ń jẹ́ crypto, Telnet nìkan lẹ máa rí lò, Telnet sì dà bíi kéèyàn máa pariwo pásíwọ́ọ̀dù láàárín ọjà. Tèmi ní i.

    interface vlan 99
     ip address 192.168.99.2 255.255.255.0
     no shutdown
     exit
    ip default-gateway 192.168.99.1
    ip domain-name lesinni.local
    username alakoso privilege 15 secret ...
    crypto key generate rsa modulus 2048
    ip ssh version 2
    line vty 0 15
     login local
     transport input ssh

Mo ní kí n wọlé láti Ubuntu, ó ní òun ò rí ọ̀nà tóun àti ẹ̀ lè fi bára wọn sọ̀rọ̀, `no matching key exchange method found`. Súwíìṣì àgbà ni, èdè àtijọ́ nìkan ló gbọ́, OpenSSH tuntun sì ti pa àwọn èdè yẹn tì torí pé wọn ò lágbára mọ́. Ẹ ní láti bẹ̀ ẹ́:

    ssh -oKexAlgorithms=+diffie-hellman-group1-sha1 -oHostKeyAlgorithms=+ssh-rsa -c aes128-cbc alakoso@192.168.99.2

N ò fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ inú VLAN 99 nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni míì níbẹ̀. `wr`.

Túsìdeè, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ẹ̀gbọ́n mi ra kámẹ́rà mẹ́ta. Súwíìṣì yìí ò ní PoE, ìyẹn iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iná tiẹ̀, oníkámẹ́rà ti fa wáyà ẹ̀ tán, ó ki wọ́n bọ fa0/21 dé 23. Tèmi ò ju kí n dá VLAN 30 sílẹ̀ fún wọn lọ. Mo wà nílé, mo gba WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti òkèèrè, orí MikroTik wọlé, mo ssh sínú súwíìṣì, mo dá VLAN 30, mo fi pọ́ọ̀tù mẹ́ta sí i, ó ku kí n jẹ́ kó gba orí trunk kọjá. Mo kọ ọ́ báyìí:

    switchport trunk allowed vlan 30

Mo tẹ Enter. Ojú kọ̀ǹpútà gan pa.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á ti di orí mú báyìí. Ìlà yẹn ò túmọ̀ sí "fi 30 kún un", ó túmọ̀ sí "30 nìkan". Mo ti lé 10, 20 àti 99 kúrò lórí trunk, àtọ́fíìsì àtakẹ́kọ̀ọ́, èmi gan-an tí mo jókòó sórí 99 ni mo fi àáké gé ẹ̀ka tí mo wà lórí ẹ̀. `switchport trunk allowed vlan add 30` ni mo fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta. MikroTik ṣì ń dá mi lóhùn, àmọ́ súwíìṣì ti yadi.

Ìṣẹ́jú kan ò pé tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń pariwo nísàlẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, ṣé NEPA tún ti mú un ni? Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ yọ wáyà iná àpótí Cisco yẹn, ẹ ka ení-èjì dé ẹẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún ki iná bọ̀ ọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo fi bébà lẹ̀ ẹ́ pé ká má yọ ọ́?"

Èmi ni. Wọ́n yọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo nǹkan padà bó ṣe wà, torí pé n ò tíì tẹ `wr`. Ohun tó sọ mí di ẹdun arinlẹ̀ ní Sátidé yẹn, òun náà ló yọ mí lọ́jọ́ Túsìdeè, running-config dànù pẹ̀lú gbogbo ìwà òmùgọ̀ mi, startup-config jí sáyé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ká ní mo ti ń tẹ `wr` lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan bíi ti Sátidé ni, moto ni ǹ bá wọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá tèmi ti wáyà búlúù.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan trunk láti òkèèrè, ohun tí mo ń kọ́kọ́ tẹ̀ nìyí:

    reload in 10

Tí mo bá ti ara mi síta, tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá á pa ara ẹ̀ á tún jí láì sí pé mo bẹ ẹnikẹ́ni. Tí ohun tí mo ṣe bá dáa, `reload cancel`, ìgbà yẹn ni `wr` tó kàn. Ẹ ṣọ́ra o, tó bá jẹ́ pé ẹ ti yí nǹkan kan padà tẹ́lẹ̀, á bi yín bóyá kóun fi í pamọ́ kóun tó reload, ẹ sọ pé no, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kan ìṣó mọ́ pósí.

Lẹ́yìn oṣù kan

Kọ̀ǹpútà méjì lọ fún àtúnṣe, wáyà ọ̀kan wá ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lára ògiri, tíṣà kan tó fẹ́ràn ìmọ́tótó sì ki orí ẹ̀ kejì bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó má baà gbé ẹlẹ́sẹ̀ ṣubú. Ọ̀ràn tó pa gbogbo ilé rú lọ́dún tó kọjá nìyẹn o, nígbà tí wọ́n ṣì ń lo súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà kan bá ké sí gbogbo ilé á máa yí po, á máa pọ̀ sí i, títí àyè ò fi ní sí fún nǹkan míì, ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi bú àwọn tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo rí i nígbà tí mo ń yẹ `show logging` wò:

    %PM-4-ERR_DISABLE: bpduguard error detected on Fa0/12, putting Fa0/12 in err-disable state

Spanning tree, ìlànà tó ń ṣọ́ kí wáyà má baà yí po báyìí, ń rán ìwé kékeré jáde láti pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, pọ́ọ̀tù 12 gba ìwé tí súwíìṣì fúnra ẹ̀ kọ, bpduguard ní irú ìwé yìí ò yẹ kó ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá, ó ti ilẹ̀kùn. 1985 ni Radia Perlman gbé spanning tree kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC, ó sì ṣì ń gba tíṣà onímọ̀tótó lọ́wọ́ ara ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Mo ní kí wọ́n yọ wáyà yẹn, mo wọ inú fa0/12, `shutdown`, `no shutdown`, ó padà. Mo wá fi `errdisable recovery cause bpduguard` sí i, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 300 á máa gbìyànjú láti ṣí fúnra ẹ̀. `wr`.

Fa0/23 ló kù. Kámẹ́rà ẹnu géètì máa ń gé lálẹ́, mo tẹ `clear counters fa0/23`, mo dúró wákàtí kan, `show interfaces fa0/23`, CRC, ìyẹn iye ìsọfúnni tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ti ń gun òkè bí owó gáàsì, nígbà tí 21 àti 22 wà lórí òdo. Wáyà tí wọ́n fà lọ síbẹ̀, mo fi abẹ fá ara ẹ̀ wò, àlúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lásán ni. Mo ti ra bàbà gidi, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Sátidé ni mò ń bọ̀ tèmi ti crimper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fi orí sí wáyà. Wọ́n ní ṣé kí wọ́n yọ bébà ojú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn báyìí, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n ṣáà kọ nọ́ńbà fóònù mi sísàlẹ̀ ẹ̀.